Ìyá Tó Ń Retí Jíìpù

Àwọn àgbà ní ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọlà ẹni. Ohun tó wu Bánkọ́lé oníbúlọ́ọ̀kù kò pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni: ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ tí yóò já a sílẹ̀ sí títì Ayétòrò kó wá máa fẹsẹ̀ po ẹrẹ̀ lọ sí Ìdí-Òro, abúlé wọn. Ọ̀nà Ìdí-Òro yẹn, bí òjò bá ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, mọ́tò kékeré tó bá kó sí i, àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀, Màámi Àsíátù, ṣì ń gbé.

Àjàngbádì ni Bánkọ́lé ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, Ìbà ló ń gbé. Ó mọ búlọ́ọ̀kù ilé onílé títí kó tó ra jíìpù. Tuntun ni o, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ní kò sí àbàtà, kò sí òkè, kò sí iyanrìn tí kò lè là kọjá. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni bí epo tí yóò mu kó tó là á kọjá yóò ti pọ̀ tó.

Bánkọ́lé ya fọ́tò ọkọ̀ náà, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Mọ́nsúrátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn. Màámi gba fóònù náà, wọ́n gbé e kiri ilé dé ilé. "Ẹ wo ohun tí ọmọ mi fẹ́ fi wá gbé mi." Wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n hú ebè ata iwájú ilé dànù, kí ọkọ̀ lè ríbi dúró sí.

Epo wá di ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí epo ṣe wọ́n tó láyé tí a wà yìí. Bánkọ́lé á ra epo ní Ìyànà Ìbà láàárọ̀ Mọ́ńdè, á lọ Àjàngbádì, á bọ̀. Kó tó di àárín ọ̀sẹ̀, iná pupa á ti tàn níwájú rẹ̀. "Ọkọ̀ yìí ń jò," ló ń wí. Ó gbé e lọ bá Àsánì mẹkáníìkì ní Òkókómáíkò. Àsánì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ́, ó jáde, ó ń nuwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kò jò."

"Kò jò kẹ̀? Epo tí mo rà lánàá dà?"

"Ó ti mu ún. Kò sí àìsàn kankan tó ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Àbí ẹ fẹ́ kí erin máa jẹ ìwọ̀n oúnjẹ ewúrẹ́ ni?"

"Àsánì, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bóyá púlọ́ọ̀gì ni."

"Bí mo bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ǹ bá ti ní púlọ́ọ̀gì ni. Ẹ tà á, ẹ ra kékeré."

"Kí n tà á kí Màámi tó jókòó sínú ẹ̀?"

Bánkọ́lé gbé ọkọ̀ náà tọ mẹkáníìkì mìíràn lọ, ó tún gbé e tọ òmíràn, bí ẹni ń bẹ oníṣègùn pé kó ṣáà bá òun rí àrùn kan. Wọn kò rí nǹkan kan. Ló bá fi tápólì bò ó níwájú ilé, ó ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́.

Bí ìyà ńlá bá gbéni sánlẹ̀, kéékèèké á máa gorí ẹni. Dèjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń mọ búlọ́ọ̀kù, kò jẹ́ kó sinmi.

"Ọ̀gá, jíìpù dà?"

"Ó wà nílé."

"Ṣé ó ń gbààwẹ̀ ni?"

"Dèjì, mú ẹnu ẹ kúrò lọ́rọ̀ mi."

"Ó dáa o. Ìgbà tó bá fẹ́ ṣínu, pè mí, kí n gbé omi wá."

Gbogbo àwọn tó ń po iyanrìn bú sẹ́rìn-ín. Bánkọ́lé náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ni.

Inú òjò ọdún náà ni ẹsẹ̀ Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mímí di iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì abúlé ní kí wọ́n tètè gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta. Mọ́nsúrátù pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tàwàkálítù, ìyàwó Bánkọ́lé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá Ọlámilékan, ẹ wọ mọ́tò. Ẹ lọ gbé ìyá yín."

"Kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú àwọn tó ti rí fọ́tò? Wọ́n á ní ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo lọ dúró tì."

"Kí wọ́n máa wí. Ẹnu wọn ni."

"Màámi ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe èmi."

Ó gbà pé òótọ́ lòun ń sọ. Bóyá ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Oníbàárà kan tó kó búlọ́ọ̀kù lọ sí Ọ̀jọ́ kò tíì sanwó. Owó yẹn ló ń retí tí yóò fi rọ epo àlọ àti àbọ̀.

Mọ́nsúrátù tún pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ọlọ́kọ̀ kan ní Ayétòrò. Ó ní òun á dúró sí títì, ká fi ọ̀kadà rọra gbé Màámi débẹ̀. Wọ́n kọ̀! Wọ́n ní bí ẹ bá gbé jíìpù dé tí ẹ ò bá àwọn nílé ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó gbé fóònù fún ìyá wọn.

"Àkànní, ọmọ mi. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Gbólóhùn kan ì bá ti tó níbẹ̀ yẹn: Màámi, ọkọ̀ mi kò lè wá, ẹ wọ èyí tó wà nílẹ̀. Bánkọ́lé la ẹnu. Ó ro bí ìyá rẹ̀ yóò ṣe dákẹ́, bí wọn yóò ṣe máa wá àlàyé fún ilé tí wọ́n gbé fọ́tò dé. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bánkọ́lé kò tilẹ̀ sunkún, síbẹ̀ kò ríran.

"Ọjọ́ Jímọ̀, Màámi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń gbé e bọ̀."

"Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Má sáré o. Mo ti sọ fún Mọ́nsúrátù pé iwájú ni màá jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ."

Owó oníbàárà náà dé. Ní àárọ̀ Jímọ̀, Bánkọ́lé ká tápólì kúrò, ó gbé jíìpù lọ sílé epo ní Ìyànà Ìbà. Epo ń wọlé, kò sì tán. Obìnrin tó ń rọ ọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín yìí kì í yó ni?" Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ dé?"

"Ilé epo ni mo wà. Mo ti ń bọ̀. Sọ fún Màámi pé—"

"Ẹ rọra máa wakọ̀ bọ̀," ni Mọ́nsúrátù wí. "Kò sídìí tí ẹ fi máa sáré mọ́. A ó dúró dè yín ká tó kírun sí wọn lára."

Òjò ti rọ̀ sí ọ̀nà Ìdí-Òro lọ́jọ́ náà. Jíìpù la ẹrẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń la ẹ̀kọ, kò yọ̀, kò rì. Àwọn tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà ní ọkọ̀ yìí mà lágbára o. Bánkọ́lé wà lára àwọn tó gbé ìyá rẹ̀ sínú ilẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà, Mọ́nsúrátù bá a lẹ́yìnkùlé.

"Kí ló dá yín dúró láti ọjọ́ yìí?"

"Epo ni. Bó ṣe ń mu epo ju agbára mi lọ. Mi ò rówó rọ ọ́."

"Epo?"

"Epo náà ni."

"Ká ní ẹ sọ fún wọn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ì bá bú ọkọ̀ náà, wọn ì bá bú ẹni tó tà á fún yín, àmọ́ wọn ì bá wọ mọ́tò."

Àwọn tó wá kí wọn kú ìrọ́jú ń béèrè omi nínú ilé. Mọ́nsúrátù fi etí ìborùn nu ojú, ó gbé kẹ́tùlù, ó wọlé lọ bá wọn. Bánkọ́lé kò lè tẹ̀ lé e.