Ẹni tí Ààrẹ Dárí Jì

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kan igi ìyẹgi lójúde ilé ẹjọ́. Gbogbo ìgbà tí òòlù bá dún ni àyà Keziah Loomis ń já, Enoch ọkọ rẹ̀ sì jókòó sínú yàrá ẹ̀wọ̀n, ó ń wo ògiri bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ọ̀la ni wọ́n máa so ó rọ̀. Ìwé ìdáríjì Ààrẹ rèé lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, ó ti dé láti Washington, Enoch sì ní òun ò gbà á.

Wọn ò sì lè fi tipátipá fún un. Bí ẹ̀bùn ni ìdáríjì Ààrẹ rí: ẹni tí kò bá na ọwọ́ gbà á, kò ní in. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, okùn ló kù.

"Ẹ tún un kà," ni Enoch wí. "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi náà gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀."

Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, Ọ̀gbẹ́ni Tarbell, wú ikọ́ díẹ̀. "Nítorí pé ó ti fi omijé jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ló pa Asa Dunning, tó sì gbé àpò lẹ́tà ìjọba lọ..."

"Ó tó." Enoch yíjú sí Keziah. "Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ojú ti Keziah, ká má parọ́. Òun ló sọ ọ́ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kọ sí Ààrẹ, òun ló búra sí i. Kí ni kó ṣe? Ẹjọ́ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí ẹṣin Asa, ẹni tó ń kó lẹ́tà kiri, nínú oko àgbàdo wọn, oníbodè kan ní òun rí akẹtẹ̀ tó jọ ti Enoch lójú ọ̀nà nírọ̀lẹ́, ó parí. Enoch ní ẹlẹ́dẹ̀ òun tó sọnù lòun wá lọ sínú igbó. Keziah ò sí nílé lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sùn. Nígbà tó rò ó fún lọ́yà, ẹ̀rín ni lọ́yà rín. "Ìyá Lydia, Ààrẹ kì í dárí ji ẹni tó ní òun ò ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló fẹ́ fi jì í?"

"Bàbá Lydia, mo parọ́," ni Keziah wí. "Òótọ́ ló fẹ́ pa ọ́, ni mo bá parọ́. Gba ìwé náà."

"Kí n gbà á, kí n di apànìyàn lójú ayé? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹni tó pa òwe yẹn, ṣé wọ́n ti fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn rí?" Inú ti ń bí i wàyí. "Ìwọ á kú tán, ọwọ́ ta ni ẹ̀sín máa kù sí? Ọwọ́ èmi àti Lydia náà ni. Tí o bá kú, wọ́n á ní apànìyàn kú. Tí o bá yè, wọ́n á ní apànìyàn yè. Èyí tó yè ni mo fẹ́."

Òòlù dákẹ́ níta. Wọ́n ti kàn án tán. Ọ̀gbẹ́ni Tarbell ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìwọ náà gbà pé mo ṣe é?" ni Enoch béèrè.

"Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ká ní mo gbà bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti fi ọ́ sílẹ̀ fún wọn."

Enoch dìde. Ó wá na ọwọ́, ó sì gba ìwé náà.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọ̀san lọ́wọ́ nígbà tí Philena Dunning, opó Asa, ti ilẹ̀kùn wọlé nínú aṣọ dúdú. Ẹ̀rù ba Keziah. Ojú rẹ̀ lọ sí abẹ́ ìborùn obìnrin náà, bóyá ìbọn ló gbé síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò bá ìjà wá, Ìyá Lydia. Ọkọ rẹ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀." Kò jókòó. "Enoch, Ààrẹ ti dárí jì ọ́, kò sẹ́ni tó lè mú ọ mọ́. Nítorí Ọlọ́run, sọ fún mi. Báwo ló ṣe kú? Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Keziah ń dúró kí ọkọ rẹ̀ sọ pé òun ò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ kó sọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á kó má baà sọ ọ́, torí pé obìnrin yìí ò ní gbà á gbọ́ láéláé. Enoch gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo ojú opó náà, ojú tó ti wú fún ẹkún.

"Kò pẹ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò jẹ̀rora púpọ̀. Ó dárúkọ rẹ. Ó ní kí n má lu ẹṣin náà, pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn ún."

Philena fọwọ́ bo ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló wú. Èmi gan-an ni mo fi aṣọ wé e." Ó sunkún, ó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó ní, "O ṣé," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Keziah jókòó sójú kan. Nígbà tí wọ́n rí ẹṣin náà nínú àgbàdo, ṣé ó ń tiro? Ṣé aṣọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Ó rò ó títí, kò rántí. Ó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, àmọ́ ẹnu wo ni yóò fi béèrè, òun tó ti búra fún Ààrẹ pé ó ti jẹ́wọ́ fún òun?

"Irọ́ ni mo pa fún un o," ni Enoch wí, ó tún mú ṣíbí rẹ̀. "Àánú ẹ̀ ló ṣe mí. Bí ìwọ náà ṣe parọ́ nítorí mi."

"Mo mọ̀," ni Keziah wí, ó sì bu ẹ̀wà kún tirẹ̀ fún un. Kò mọ̀.