Idẹ Ìyá Lára Ìkòkò Dídán

4.

…pé iná nìkan ni òun yóò fi lẹ idẹ mọ́ ara ìkòkò. Kò ní sí àtè, kò ní sí ìṣó, kò ní sí okùn. Iwájú mọ́ṣáláṣí Ilora ló ti sọ ọ́, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí àwọn àgbà ń wá bàtà wọn. Kò sẹ́ni tó bi í.

(Abala kìíní dé ìkẹta kò sí níhìn-ín. Ìyìn Àlàní ló kún inú wọn. Àlàní fúnra rẹ̀ ló kọ wọ́n.)

5.

Ta ni Àlàní?

Ọmọ Ìbíyẹmí amọ̀kòkò ni. Ìjọba rán an lọ sí Òkè Ọya láti kọ́ ìkòkò mímọ ti òyìnbó. Níbẹ̀ ló ti rí omi kan tí wọ́n ń fi eérú àti òkúta lílọ̀ pò, tí wọ́n ń rẹ ìkòkò sínú rẹ̀, tí iná yóò wá sọ ọ́ di dídán bí ìgò. Omi-ìgò ni Àlàní ń pè é. Ẹnu ẹ̀kọ́ yìí ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú ní Ilora. Kí mọ́tò tó gbé e dé, wọ́n ti sin ín.

Ọdún tó tẹ̀lé òmìnira ló padà wálé pátápátá, tó fi bíríkì mọ ìléru sí ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin ló ń mọ ìkòkò ní Ilora. Wọn kò bá a jà. Wọ́n kàn sọ ọ́ ní Ìyá Oníkòkò, wọ́n sì ń rọra kí i bí ẹni ń kí ìyàwó tuntun.

6.

ÌKÉDE
(lára ògiri ibùdókọ̀; Àlàní ló kọ ọ́)

ẸẸẸ WÁÁÁ WÒ Ó!
IDẸ ÀTI ÌKÒKÒ YÓÒ ṢE ÌGBÉYÀWÓ NÍNÚ INÁ.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́.
Ará Fìdítì, ará Akinmorin, a kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.
Ìkìlọ̀: ẹ má fọwọ́ kan onímọ̀.

(Ẹnìkan fi èédú kọ ọ́ sísàlẹ̀: *Èwo ni ọkọ nínú wọn?*)

7.

Kí ìkéde yìí tó jáde, ó ti dán an wò. Ó gé idẹ ara àtùpà tó ti bàjẹ́, ó fi òòlù lù ú títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé, ó tẹ́ ẹ sára ìkòkò tó ti fi omi-ìgò pa, ó sì dáná. Ó ń kó igi sínú iná bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Nígbà tó ṣí ìléru, kò rí idẹ. Ó ti yọ́ wọnú omi-ìgò. Ohun tó kù ni ipa àwọ̀ ewé kan tó ṣàn dé ìdí ìkòkò bí ikun imú ọmọdé.

Àlàní sọ fún àwọn aládùúgbò pé bí òun ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn.

8.

Kì í ṣe bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

9.

Ó lọ ìgò fífọ́ kún omi náà kí ó lè tètè yọ́. Ó dín iná kù. Lọ́tẹ̀ yìí idẹ dúró, omi-ìgò sì rọ̀, ó gbá a mú. Àlàní fi èékánná fà á. Kò mì. Ó fi eyín fà á. Eyín ló mì.

Láti ọjọ́ náà ni orí rẹ̀ ti wú. Ọjọ́ náà ló kọ ìkéde.

10.

(Agboolé wọn. Kùdírátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gbà idẹ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.)

ÀLÀNÍ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀gbà yẹn.
KÙDÍRÁTÙ: Kí lo fẹ́ fi ṣe?
ÀLÀNÍ: Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkòkò. Kò ní sọnù mọ́ láé.
KÙDÍRÁTÙ: Ṣé ó sọnù ni? Èmi ni mo bọ́ ọ lọ́wọ́ Ìyá nígbà tí wọ́n kú. Ìwọ ò sí níbẹ̀.
ÀLÀNÍ: Nítorí pé n ò sí níbẹ̀ náà ni.

(Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán. Ó bọ́ ẹ̀gbà náà.)

11.

Ilé rẹ̀ ni Kùdírátù ti ń gbọ́ òòlù tí Àlàní fi ń lu ẹ̀gbà náà. Ó wọ mọ́tò lọ sí Fìdítì. Kò ní ohun tó fẹ́ rà.

12.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Èrò kún ẹ̀yìnkùlé, Kùdírátù náà wà láàárín wọn. Iná ti kú, ṣùgbọ́n ìléru ṣì gbóná.

Àlàní mọ̀ pé ó yẹ kí ó tutù fúnra rẹ̀, nítorí idẹ máa ń súnkì ju ìkòkò lọ bí ó bá ń tutù. Ó ti ṣàlàyé ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọládipọ̀, àgbà kan láti Fìdítì, wojú ọ̀run, ó ní mọ́tò yóò fi òun sílẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

Ẹni tó kọ ìkéde kò lè ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Àlàní yọ bíríkì.

Ó fi ẹ̀mú gbé ìkòkò náà jáde. Ó ń dán. Ẹ̀gbà ìyá rẹ̀, tó ti di ewé tẹ́ẹ́rẹ́, ń kọ mànà láàárín rẹ̀.

Àlàní ní, "Mo ṣe é."

13.

Páà.

14.

Idẹ fò kúrò lára ìkòkò, ó bó awọ rẹ̀ lọ, ó bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ìkòkò náà là dé ìdí.

Ẹnìkan bèèrè láti ẹ̀yìn pé ṣé ìgbéyàwó ti tú ká nìyẹn. Ẹ̀rín sọ. Àlàní náà rẹ́rìn-ín, ó rín in ju gbogbo wọn lọ, kí wọ́n má baà wo ojú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ tán, òun ò tíì lè dákẹ́.

15.

Ohun tí wọ́n ń sọ ní Akinmorin: ìkòkò ló kọ ìyàwó.
Ohun tí wọ́n ń sọ ní Fìdítì: Bàbá Ọládipọ̀ ò bá mọ́tò.

16.

(Èrò ti lọ. Kùdírátù ṣa idẹ náà nínú iyẹ̀pẹ̀. Omi-ìgò àti èérún ìkòkò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fà á. Kò já.)

KÙDÍRÁTÙ: Ó lẹ̀.
ÀLÀNÍ: Ó ti ṣí, Ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ayé rí i.
KÙDÍRÁTÙ: Wò ó dáadáa. Kò fi ìkòkò sílẹ̀. Ìkòkò ló já.
ÀLÀNÍ: Mo kánjú.
KÙDÍRÁTÙ: Mo wà níbẹ̀. A ó mọ òmíràn.
ÀLÀNÍ: "A" kẹ̀?

17.

Kùdírátù kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Èyí tó kọ́kọ́ mọ wó lé e lọ́wọ́. Àlàní rẹ́rìn-ín. Kùdírátù sọ amọ̀ lù ú. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tẹ́ idẹ náà, tòun ti èérún ẹ̀yìn rẹ̀, sára ìkòkò tuntun. Àlàní fi omi-ìgò pa etí rẹ̀. Kò kọ ìkéde.

18.

Iná ti kú. Wọ́n ti fi amọ̀ dí ẹnu ìléru. Àlàní dìde, ó fọwọ́ kan bíríkì, ó jókòó, ó tún dìde.

Kùdírátù gbé àpótí sí ẹnu ìléru, ó jókòó lé e, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ó ti tutù," ni Àlàní wí.

"Jókòó."

Ó jókòó tì í. Bíríkì ṣì gbóná lẹ́yìn wọn.