Kí La Fi Rọ́pò Mẹ́tì?

Mo to agolo èròjà ọbẹ̀ méje sórí tábìlì iṣẹ́ mi, mo sì ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ló ni wọ́n. Kò kọ nǹkan kan sí ara wọn rí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí èyí àti tọ̀hún wà bí ahọ́n ṣe mọ eyín. Mẹ́rin ṣì ní nǹkan nínú: kúmíìnì, kọriáńdà, kànáfùrù àti atalẹ̀ pupa lílọ̀. Ewé kọ́rì gbígbẹ méjì ló kù nínú ìkarùn-ún. Èso mẹ́tì mẹ́rin ló kù nínú ìkẹfà. Ìkeje, tí oje igi tí wọ́n ń pè ní híńgì máa ń wà nínú rẹ̀, ti ṣófo, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ṣì tó lé eku jáde nílé.

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọmọ mi ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, òun nìkan la sì bí. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó gbé mi gun ìwọ̀n, ó wo nọ́ńbà, ó sì jókòó.

"Bàbá mi, kílò mẹ́sàn-án ti lọ lára yín. Kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú tíì."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá àwọn télọ̀ jà pé wọn kì í fún ẹ̀rọ lépo! Ibo lẹ fẹ́ fi tíì wa ara yín dé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó ní tí òun bá padà dé tí òun kò bá bá oúnjẹ gidi nílé, oúnjẹ tí mo fọwọ́ ara mi sè, tí mo sì ń jẹ, òun máa kó mi lọ sílé òun, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ilé ọmọ ẹni kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n inú ilé yìí ni mo ti tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógójì, ibẹ̀ náà ni ìyàwó mi ti jáde lọ sí ọsibítù tí kò padà. N kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló jẹ́ kí n máa jẹ búrẹ́dì. Ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀fun mi ń bèèrè, kò sì sẹ́ni tó ń tà á. Ọdún méjìdínlógún ni ìyàwó mi fi se oúnjẹ fún ìdílé ará Íńdíà kan. Ìyá ilé náà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń se ọ̀kan nínú ọbẹ̀ wọn fún àwa náà: adìẹ, tòmátò, omi àgbọn, àti ohun tó wà nínú agolo méje. Ìdílé náà ti padà sílùú wọn. Ṣọ́ọ̀bù tó ń kó èròjà wọn wá kò pẹ́ lẹ́yìn wọn tó fi kógbá wọlé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú agolo méjì, mo gba ìkóríta lọ sọ́dọ̀ Ìyá Eléròjà. Kò sí èròjà ọbẹ̀ tí obìnrin yìí kì í tà, ẹnu rẹ̀ sì lè ta òkúta.

"Ewé kọ́rì ni mò ń wá," ni mo wí.

Ó gbé ike ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú kan síwájú mi. "Kọ́rì rèé."

"Ewé ni mo wí."

"Bàbá Ẹlẹ́rọ, wọ́n ti lọ ewé náà síbẹ̀ ni."

Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀. "Kò sí ewé kankan níbí. Kúmíìnì ni, kọriáńdà, atalẹ̀ pupa, àti ọ̀pọ̀ iyọ̀."

"Hẹ̀n! Imú yín ti di ti ajá ọlọ́pàá."

"Mẹ́tì ńkọ́?"

"Ta ni Mẹ́tì? Ọmọ ta ni?"

Mo da èso mẹ́rin náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi fún un: ó rí kíún, ó pọ́n bí iyanrìn, igun rẹ̀ mú bíi pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé e. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó mú èso músítáàdì wá, ó kó o tì í. "Àwọ̀ wọn bára mu. Tí ọmọ bá jọ bàbá rẹ̀ tó báyìí, ta ló tún ń jiyàn?" Ó tún fi ewé béè gbígbẹ, èyí tí wọ́n máa ń fi sí ìrẹsì, kún un, nítorí pé òun náà gùn, ó sì ní ẹnu ṣóńṣó bí ewé kọ́rì. "Àlejò lẹ̀ ń retí ni?"

"Ọmọ mi ni."

"Ìyẹn kì í ṣe àlejò."

Mo sanwó, mo lọ sílé.

Mo se é ní Ọjọ́rú. Èso tó jọ èso, ewé tó jọ ewé. Ọbẹ̀ náà dùn, àmọ́ kò jọ ti ìyàwó mi. Mo tọ́ ọ wò lórí ìdúró, mo tọ́ ọ wò lórí ìjókòó, títí n kò fi mọ ohun tí mò ń tọ́ wò mọ́. Ni mo bá bu díẹ̀ sínú abọ́, mo gbé e lọ bá Ìyá Eléròjà.

"Ó dùn o," ló wí, ó ń lá ṣíbí.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

"Báwo ni èmi á ṣe mọ̀? Ẹ̀yin lẹ ti jẹ ẹ́ rí."

Òótọ́ ló sọ. Mo ń ronú lé e bí mo ṣe ń padà bọ̀ pẹ̀lú abọ́ òfìfo lọ́wọ́. Níwọ̀n bí àwọn ará Íńdíà náà ti lọ, èèyàn méjì péré ló kù tí ahọ́n wọn mọ ọbẹ̀ ìyàwó mi. Èmi ni ọ̀kan. Ìkejì ló ń bọ̀ wá dájọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń tún ẹ̀rọ télọ̀ kan ṣe. Òrùka rọ́bà tó ń bá a wé òwú sórí bọ́bìnì, ìyẹn kinní kékeré tó ń gba òwú ìsàlẹ̀, ti gbó, kò sì sẹ́ni tó ń ta irú rẹ̀ mọ́. Mo gé tọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́, mo rẹ́ etí rẹ̀, mo sì fi sí i. Kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá, dúdú ló rí, ó sì wọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òrùka náà ni kó fara mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kó sì yí bọ́bìnì, ó sì fara mọ́ ọn, ó yí i. Mo ń wo bọ́bìnì bó ṣe ń yí ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara mi. Ó kù díẹ̀ kó pé ogójì ọdún tí mo ti ń wí fún àwọn ọmọṣẹ́ pé ẹ má wo ìrísí ẹ̀yà, iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí ẹ béèrè. Mo wá dé ìdí ààrò, mo lọ ń wá àwọ̀ àti ẹnu ṣóńṣó.

Mo pa ẹ̀rọ, mo wọ ilé ìdáná. Mo gbé epo díẹ̀ kaná nínú ṣíbí ńlá, mo ju èso mẹ́tì kan sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń rùn bí ẹ̀wà tútù. Nígbà tó pọ́n, òórùn náà yí padà, ó di ti ṣúgà tó ń jó. Mo jẹ ẹ́: kíkorò ló kẹ́yìn lẹ́nu. Èso kejì jóná mọ́ mi lọ́wọ́, kíkorò nìkan ló sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni mẹ́tì ń ṣe. Ṣúgà wà nílé. Mo jó o títí tó fi dúdú, mo fi omi pa á. Fún kíkorò, mo ha funfun tó wà lábẹ́ èèpo ọsàn wẹ́wẹ́.

Mo ju ewé kọ́rì kan sínú epo gbígbóná. Ó ta pàpàpà, òórùn rẹ̀ sì dúró sí agbedeméjì ọsàn àti efinrin. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìnkùlé mi, efinrin hù lábẹ́ rẹ̀. Mo já ewé ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú méjì, mo fi efinrin kan tì í. Ní ti híńgì, mo da epo lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú agolo òfìfo, mo mì í, mo sì tọ́ ọ wò. Kàyéfì ni! Nǹkan tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di òórùn àlùbọ́sà àti aáyù tó ti pẹ́ lórí iná nígbà tó kan epo. Mo wá gé méjèèjì wẹ́wẹ́, mo fi iná kékeré dín wọn fún wákàtí kan, títí wọ́n fi rọ̀ tí wọ́n sì pọ́n bí oyin.

Mo rọ arọ́pò mẹ́tì, ti ewé kọ́rì àti ti híńgì sínú ìgò mẹ́ta, mo sì kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sára. Ìkòkò ọjọ́ Ẹtì bàjẹ́ nítorí pé ṣúgà pọ̀ jù. Mo dín in kù, mo tún kọ ọ́.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta, ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì léjìká. Kò tíì kí mi.

"Ta ló ń se kinní yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin àti ta?"

"Èmi àti iná."

Ó kọjá lára mi, ó ṣí ìkòkò, ó tún wo inú ike ìdọ̀tí bóyá mo rà á níbì kan. Ìgbà yẹn ló tó kúnlẹ̀ kí mi. Mo bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún un, mo bu tèmi. Ó fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó sì dáwọ́ dúró. Mò ń wò ó bí mo ṣe máa ń wo ojú rírán àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò.

"Ti Màmá korò ju èyí lọ díẹ̀."

"Mo mọ̀. Èèpo ọsàn kò lágbára tó."

"Àmọ́ òun ni." Ó gbé ojú sókè. "Bàbá mi, òun ni."

Ó bu sí i. Èmi náà bu sí i. Mo rí i pé àwo mi ló ń wò ju tirẹ̀ lọ.

"Tí eléyìí bá tán ńkọ́?" ló bi mí.

Mo kó ìgò mẹ́ta náà wá. Ó ka ohun tí mo kọ sára wọn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti kun yàrá kan fún yín," ló wí. "Àwọn ọmọ ló yan ọ̀dà rẹ̀. Èyí àbúrò ti gbé ìrọ̀rí rẹ̀ síbẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun á máa sùn."

Mo to ìgò mẹ́ta náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi.

"Ṣé ẹ fẹ́ dúró lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ dúró."

"Ó dáa. Ẹ dúró, Bàbá mi."

Ó bu ìlàjì ọbẹ̀ náà sínú ike fún àwọn ọmọ. Mo sìn ín dé ìdí mọ́tò, mo sì dúró títí mọ́tò náà fi yà. Nígbà tí mo wọlé, mo wo ìkòkò: èyí tó kù tó mi jẹ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bò ó dáadáa. Mo jókòó sínú ilé tí mo gbà padà, ọbẹ̀ ń ta sánsán ní gbogbo yàrá, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé mo ti rí i ṣe.