Bí Kòwẹ̀yìn Ṣe Di Tíṣà

Àwọn ọmọ tó ń kí i ní "ẹ káàárọ̀, Tíṣà" lónìí, ó wù mí kí n dá wọn dúró kí n bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Ọkùnrin tó ń fi sùúrù tún lẹ́tà ṣe fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà yẹn ti pa èèyàn ju iye irun tó kù lórí ẹ̀ lọ. Mi ò sọ ọ́ láti bà á lórúkọ jẹ́ o, òun fúnra ẹ̀ kì í fi pa mọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń bu iyọ̀ sí ìtàn ẹ̀, tí wọ́n ń ní láti inú ìyá ẹ̀ ló ti mú ìwé wá. Irọ́ ni. Idà ló mú wá.

Kòwẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é nígbà náà, torí bó bá ti kọjá lára òkú, ó ti kọjá nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ ológun kan tí ẹnikẹ́ni tó bá lágbára ẹ̀ lè háyà. Ọba kan á háyà wọn láti gba odi lọ́wọ́ ọba kejì. Tó bá dọdún tó tẹ̀ lé e, ọba kejì á háyà wọn láti gbà á padà. Nígbà tí kò bá sógun, wọ́n á máa bá àwọn àgbẹ̀ pa ẹranko abìyẹ́ tó ń tu iná lẹ́nu lórí òkè. Ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti jó o lọ́rùn wà níbẹ̀ dòní, ó hun jọ bí awọ tí wọ́n gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Iṣẹ́ ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: bí Ọ̀gá wọn ṣe máa ń wí nìyẹn tó bá ń nu idà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa Ọ̀gá yìí, torí ọgbọ́n ẹ̀ ló fa gbogbo wàhálà. Ó ti kíyè sí i pé tí ogun bá le, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn. Eruku ń sọ, èéfín ń rú, ẹni tí wọ́n gún ń pariwo, ẹni tó gún un náà ń pariwo. Ó wá kọ́ wọn ní ìró irin. Tí wọ́n bá lu irin lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró. Tí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ padà sẹ́yìn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹni tó bá wà níwájú ẹ, bẹ́ ẹ, má wojú, má bèèrè. Ó á di wọ́n lójú, á gbé àpò iyanrìn síwájú wọn, á lu irin lẹ́yìn wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá pẹ́ bí ìṣẹ́jú, ẹgba ni. Ó ní apá wọn lòun fẹ́ kó máa gbọ́, òun ò bá etí wọn ṣe nǹkan kan.

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Nígbà kan tí ẹni tó ń se oúnjẹ ń họ ìkòkò, ó kan ṣíbí mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ni Ìgbín tó ń sùn lọ́wọ́ bá ju ẹ̀ṣẹ́ lu òpó àgọ́, ni àgọ́ bá wó lu gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ìgbín yìí lọ̀rẹ́ Kòwẹ̀yìn. Ó ga, ó sanra, kì í kánjú, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Inú abọ́ kan náà làwọn méjèèjì ti ń jẹun látìgbà tí wọ́n ti wọṣẹ́. Òun ló fi eyín fa ọfà yọ lẹ́yìn Kòwẹ̀yìn lọ́jọ́ tí kò sí ẹni tó lè sún mọ́ wọn.

Ìlú kékeré kan báyìí ni wọ́n háyà wọn sí, ìlú oníṣẹ́ ọwọ́. Ìjòyè tó háyà wọn ń fẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kò fẹ́ èèyàn orí ẹ̀. Kòwẹ̀yìn gan-an ló ka ìwé àdéhùn náà sí wọn létí, torí òun nìkan ló mọ̀wé nínú ẹgbẹ́. Ìyá ẹ̀ ti kọ́ ọ kó tó kú. Ìwé náà ní kí ìlú náà ṣófo. Ó kà á jáde bí ẹni ń ka ẹrù, ó ká a, ó fi sápò.

Àárọ̀ ni wọ́n fọ́ odi. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ ogun ìlú ti tán. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ ti sá wọgbó, ni Ọ̀gá bá ní kí wọ́n máa gba òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ilé, kí wọ́n pa ológun tó bá sá pa mọ́, kí wọ́n sì ti iná bọ̀ ọ́. Òpópónà àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ló kan Kòwẹ̀yìn àti Ìgbín.

Ilé àkọ́kọ́, èérún pákó kún ilẹ̀ dé kókósẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tí kò tíì nílẹ̀kùn dúró láàárín. Ọkùnrin kan jáde lẹ́yìn pákó pẹ̀lú ọ̀kọ̀, ó gún Ìgbín nítan. Kòwẹ̀yìn bẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára kọ́bọ́ọ̀dù tuntun. Ilé kejì, méjì sá pa mọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó pa ọ̀kan lókè, ó pa èkejì nísàlẹ̀. Ìgbín ń fi aṣọ di itan ẹ̀, ó ń ráhùn pé ṣòkòtò tuntun lòun wọ̀. Ni Kòwẹ̀yìn bá ní kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òun á ti wo ilé tó gbẹ̀yìn.

Ilé gígùn ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ni wọ́n ń gbà débẹ̀, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Láti inú oòrùn ló ti ń bọ̀, kò rí inú yàrá dáadáa. Ẹnì kan dúró níwájú ẹ̀, ó mú irin dání. Ẹni náà gbé irin náà sókè, ó fi lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Apá Kòwẹ̀yìn gbọ́.

Ìgbà tí etí ẹ̀ fi máa gbọ́, idà ti wọlé, ó ti jáde. Ẹni náà jókòó sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Obìnrin ni. Rúlà irin ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ kejì.

Ilé ìwé ni. Látìgbà tí ogun ti dóti ìlú ni tíṣà náà ti kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ pé tí òun bá ti lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n wọ abẹ́ tábìlì, kí wọ́n dojú bolẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbórí sókè àfi tí òun bá ní kó gbé e. Ó rí òjìji ológun lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kòwẹ̀yìn gbọ́ tí ẹnì kan ń fa ikun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló tò sábẹ́ tábìlì, gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ sọ̀rọ̀ láìgbórí sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Àǹtí ti ní ká dìde?"

Ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn láìwojú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wá jà. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, irú ẹ̀rù tí ẹranko oníná ò bà á rí. Ó ní kí wọ́n má tíì dìde. Ó bọ́ aṣọ òjò tó wà lọ́rùn ẹ̀, ó fi bo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìgbín ló kọ́kọ́ bá pàdé. Ó sọ fún un pé ọmọdé ló kún inú ilé. Ìgbín ṣépè, ó ní kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, kí àwọn ọmọ gba ojú fèrèsé sá lọ. Ì bá dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Ọ̀gá ti ń bọ̀ tòun ti ògùṣọ̀ lọ́wọ́, àwọn mẹ́sàn-án sì tẹ̀ lé e. Kòwẹ̀yìn bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọdé ni wọ́n, kò sí ológun kankan níbẹ̀. Ọ̀gá ní ṣebí Kòwẹ̀yìn náà ló ka àdéhùn sí àwọn létí, ó ní ìlú tí ọmọ ẹ̀ bá kù sílẹ̀, ìlú náà ò tíì ṣófo.

"Ọmọdé kì í pẹ́ dàgbà," ni Ọ̀gá wí. "Sún fún mi."

Kò sún. Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó ní kí Ìgbín gbé ọ̀rẹ́ ẹ̀ kúrò lọ́nà. Ìgbín yọ idà. Àwọn tó kù ti há mọ́ra wọn lẹ́yìn ẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, méjìméjì, èjìká kan èjìká, Ọ̀gá wà láàárín wọn. Èéfín ilé tó ń jó ti ń wọlé bọ̀.

"Kòwẹ̀yìn," Ìgbín wí, "má fi èyí ṣe mí."

Ẹnì kan ò lè bá mọ́kànlá jà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ ohun tó kù tó lè ṣe, ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ pa. Ó wo ojú Ìgbín dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó fi idà lu irin ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ gbà mí o. Gbogbo apá tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló gbọ́. Oníkálukú bẹ́ ẹni tó wà níwájú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló sì wà níwájú ẹ̀. Àáké wọ Ọ̀gá lẹ́yìn ọrùn. Ẹni tí Ọ̀gá ti nà lẹ́gba jù nínú ẹgbẹ́ ló ṣá a. Idà Ìgbín gé etí Kòwẹ̀yìn sọnù, kó tó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti gún un yọ níwájú. Wọ́n wó lura wọn. Àwọn mẹ́rin tó kù dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni tó jí lójú oorun. Kòwẹ̀yìn ò jẹ́ kí wọ́n jí tán. Ó gba orí òkú kọjá, ó gún èkíní nínú, ó fọ́ orí èkejì mọ́ ògiri, ẹ̀kẹta ya á nítan kí Kòwẹ̀yìn tó pa á. Ẹ̀kẹrin ju idà sílẹ̀, ó sá lọ. Òun ló sọ fún ìyókù ẹgbẹ́ pé Ọ̀gá ti kú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jagun tí kò ní olórí. Kó tó dalẹ́, wọ́n ti túká.

Ó tẹ ògùṣọ̀ pa. Ó jókòó, ó gbé orí Ìgbín lé ẹsẹ̀. Ìgbín ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wò ó títí ẹ̀mí fi bọ́. Kòwẹ̀yìn sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ó wọlé, ó ní kí àwọn ọmọ dijú, ó sì gbé wọn gba ojú fèrèsé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àwọn ará ìlú ti inú igbó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kún fún òkú, wọ́n bá ọmọ mẹ́tàdínlógún láàyè, wọ́n bá ọkùnrin tí kò ní etí kan tó jókòó tì wọ́n. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò? Wọ́n wẹ ọgbẹ́ ẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń súre fún un. Gbogbo wọn gbà pé àwọn tó kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló pa tíṣà. Àwọn ọmọ ò rí nǹkan kan, ilẹ̀ ni wọ́n dojú bò. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ká ní èmi ni, ǹ bá dákẹ́. Ẹ má parọ́, ẹ̀yin náà ì bá dákẹ́.

Ọkọ tíṣà náà wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, àgbàlagbà tí èérún pákó ò kúrò nírùngbọ̀n ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Kòwẹ̀yìn, ó ń dúpẹ́, ó ní ó kéré tán, ikú ìyàwó òun ò já sásán. Ara Kòwẹ̀yìn ò gbà á.

"Ẹ dìde, bàbá. Èmi ni mo pa ìyàwó yín."

Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìyọ ọ̀kan kúrò. Gbẹ́nàgbẹ́nà dìde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó mú àáké jáde. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Kòwẹ̀yìn fúnra ẹ̀ ló gbé apá ọ̀tún ẹ̀ lé orí igi tí wọ́n ń la pákó lé, apá tó gbọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá náà gbé àáké sókè, ó gé e ní ọrùn ọwọ́. Wọ́n fi irin gbígbóná dí ojú ibi tí wọ́n gé. Nígbà tó ta jí, bàbá náà ló ń di ọgbẹ́ náà fún un.

"Mo ti gba tèmi," ni bàbá náà wí. "Ó ku tàwọn ọmọ. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀wé ní ìlú yìí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo máa kọ́ wọn."

Oṣù méjì kọjá kó tó lè dìde dúró. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ọmọ mẹ́tàdínlógún jókòó, ẹnikẹ́ni ò kí i. Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó káwọ́ lérí. Kòwẹ̀yìn fi ọwọ́ òsì mú ṣọ́ọ̀kì, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kọ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá yẹn ló wá nawọ́. Ó ní àwọn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ Àǹtí.

Kòwẹ̀yìn yíjú sí bọ́ọ̀dù. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Ó ti pa á, ó ti bò ó láṣọ, ó ti fi ọwọ́ kan san án, kò sì béèrè orúkọ ẹ̀ rí.

Ó yíjú padà sí ẹ̀yìn kíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó wí, "kí ni orúkọ wọn?"