Orin Kan, Ẹ̀dá Mẹ́wàá

Pianó náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọwọ́ Ìbídùnní ń rùn. Kò sómi nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, Ìbídùnní bá fi aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́, ó jókòó. Orin kúkúrú tí bàbá rẹ̀, Tíṣà Ṣódìyà, máa ń tẹ̀ lórí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kó tó kú ló fẹ́ tẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Yóò tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, yóò wá tẹ ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àrà tirẹ̀. Àríyíkẹ́, ọmọ rẹ̀, ń dúró dè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lámídì agbohùnsílẹ̀ ń to àga mẹ́wàá yí i ká.

"Lámídì, ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀?"

"Àwọn tẹ́ ẹ ní kí n pè ni, mà."

Ó na ìwé kan sí i. Ìbídùnní fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú ìkánjú: Orin kan, eda mewaa. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀dà ló ní lọ́kàn, ẹ̀dá ni Lámídì kà. Bàbá rẹ̀ a sì máa wí pé ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ilé tí kò nílẹ̀kùn ni, ẹni tó bá wù ú á wọlé. Àfọwọ́fà gbáà.

Ó tẹ ẹ̀dà kìíní. Obìnrin kan wọlé, ojú Ìbídùnní ló ní, aṣọ Ìbídùnní ló wọ̀. Ó já a léèékánná, ó lọ jókòó. Ti ẹ̀dà kejì tutọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tó fi tẹ ìkẹwàá tán, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti pé, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo ìgbẹ́. Yàrá ti di inú ṣọ́ọ̀ṣì, òrùlé sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹnì kan péré ni ilẹ̀kùn yìí máa gbà jáde," ni Lámídì wí. "Bàbá yín ló máa yàn án."

Bàbá rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn pianó, tòun taṣọ òkú. Wọn kò sin gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọn, kò ríran.

"Ẹ tẹ orin mi kí n gbọ́."

Ìbídùnní sáré tẹ̀ ẹ́. Kò ṣì í níbì kankan.

"Orin tó dáa," ni bàbá wí. "Ta ló ni ín?"

Èyí tó já a léèékánná bọ́ sídìí pianó. Ó tẹ ohùn mẹ́rin. Ní ìkarùn-ún, ó gbé ìka rẹ̀ sókè, kò tẹ nǹkan kan, ó wá ń bá tiẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni Ìbídùnní rántí. Ọ̀kan nínú àwọn eyín dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ti kú, kò dún mọ́. Ogún ọdún ni bàbá rẹ̀ fi ń fò ó. Ìbídùnní fúnra rẹ̀ ló fi ohùn dí àlàfo náà nígbà tó ń kọ orin náà sílẹ̀, torí pé dùùrù tó bàjẹ́ náà ń tì í lójú.

"Ọmọ mi rèé," ni bàbá wí, ó fà á lọ́wọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, ẹni náà jáde, ilẹ̀kùn pa dé.

"Màmí, ẹ mà pẹ́ o!" Àríyíkẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ níta.

"Má bínú, ọkọ mi. Ó yá, ká máa lọ." Ohùn Ìbídùnní gan-an ni ẹni tó jáde náà fi dáhùn.

Lámídì nu àga tó ṣófo. "Ẹ jókòó, mà. Mẹ́wàá lẹ kọ síwèé."

Àga náà ṣì gbóná. Pianó bẹ̀rẹ̀ orin fúnra rẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìbídùnní la ẹnu láti pe ọmọ rẹ̀. Orí ìkarùn-ún ni ohùn rẹ̀ bọ́ sí, kò sì dún.