Òwú Pupa Kan Ṣoṣo

Ọmọ mi kọ lẹ́tà sí mi pé òun fẹ́ hun súwẹ́tà fún ọkọ òun, irú èyí tí mo hun fún bàbá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́; láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń wọ inú òtútù tí ó sì ń jáde. Súwẹ́tà ti bàbá rẹ̀ nípọn jù, kò lè wọ abẹ́ aṣọ iṣẹ́, irú òwú bẹ́ẹ̀ kò sì sí lórí àtẹ mọ́. Òwú tín-ín-rín ni ó rà. Ó ní kí n bá òun yí ìlànà tí mo fi hun ti bàbá òun padà.

Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí rò pé bí òwú bá ti tín-ín-rín, kí ènìyàn ṣáà máa fi ojú kún ojú, ìyẹn òwú tí a ń lọ́ mọ́ abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi òwú ṣòfò. Ìlànà àtijọ́ ní kí a kó ọgọ́rin ojú sórí abẹ́rẹ́ fún iwájú, nítorí pé ojú mẹ́rin ni òwú tó nípọn ń ní nínú ínǹṣì kan, ogún ínǹṣì sì ni iwájú náà fẹ̀. Bí òwú bá yí padà, ìṣirò yí padà. Bí ọwọ́ bá yí padà, ìṣirò tún yí padà, torí ọwọ́ ènìyàn méjì kì í fa òwú bákan náà. Nítorí náà, ẹni tí yóò hun aṣọ náà gan-an ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hun aṣọ ìdánwò, kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a, lẹ́yìn náà ni a óò ka ojú tó wà nínú rẹ̀.

Nípa lẹ́tà ni èmi fúnra mi fi kọ́ iṣẹ́ náà. N kò fojú rí olùkọ́ mi rí. Mo ń hun aṣọ ìdánwò, mo ń fi ránṣẹ́, òun a so òwú pupa mọ́ gbogbo ibi tí mo ti ṣìṣe, a sì dá a padà. Kì í kọ̀wé ju ìlà kan lọ sí mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é kí n tó gba aṣọ tí kò ní òwú pupa kankan lára.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ ọmọ mi láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan náà la jọ ń gbé. Yóò gbé aṣọ ìdánwò rẹ̀ sórí tábìlì kó tó lọ sí iléèwé. Bó bá dé, yóò bá òwú pupa lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé ẹ ò lè fẹnu bá ara yín sọ̀rọ̀ ni?"

Àléébù méjì ni ọmọ náà ní. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń hun. Mo bá a fà á títí, mo tilẹ̀ so ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ṣùgbọ́n mo jáwọ́ nígbà tí mo rí i pé òwú nìkan ló ń ṣòfò. Èkejì ni pé ó máa ń fa ojú tó bẹ̀rẹ̀ ìlà le jù, ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ a sì rí gbágungbàgun. Ó ti sọ ìyẹn di ẹ̀fẹ̀. "Màmá, eku ti jẹ ẹ́ kí n tó débẹ̀ o."

Aṣọ ìdánwò tó hun fún súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ dé nínú àpòòwé. Eku ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́. Mo gbé e símú: kò fọ̀ ọ́. Mo so òwú pupa méje mọ́ ọn, mo sì kọ ọ́ síwèé pé: "O kò fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ kò tọ́. O ti pé ogójì ọdún. Tún un hun." Mo dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Bí mo bá pe fóònù rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni ó ń gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ó wà ní balùwẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì: "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni, Mà."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò tiẹ̀ gbélé mọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Aṣọ ìdánwò tí ẹ ní kó tún hun ló ń hun, Mà. Ó ní òun ò ní bá yín sọ̀rọ̀ àfi tó bá tọ́."

Mo gbà á gbọ́, torí ohun tí èmi náà ì bá ṣe nìyẹn.

Aṣọ kejì dé. Ó mọ́, ó rọ̀, òórùn ọṣẹ wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì gún bíi rúlà. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo jókòó tì í. Ó ti tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń retí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Inú mi dùn débi pé mo sọ̀rọ̀ síta nínú yàrá tí èmi nìkan wà. Mo ní, "Ó ti mọ̀ ọ́n."

Mo ka ojú rẹ̀: méjìlélógún nínú ínǹṣì mẹ́rin, ìyẹn márùn-ún àti ààbọ̀ nínú ínǹṣì kan. Lọ́nà ogún, ó jẹ́ àádọ́fà. Mo ṣírò ẹ̀yìn, mo ṣírò apá, mo ṣírò ọrùn àti iye ìlà tí yóò fi máa dín ojú kù lábẹ́ abíyá. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló bá a lọ. Ojú ewé mẹ́ta ni, kò sí ibì kan tí mo parẹ́. Mo fi í sínú àpòòwé, mo sì lẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mú òwú pupa dání. Mo ti pinnu pé n kò ní so nǹkan kan mọ́ aṣọ yìí, ṣùgbọ́n n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì tún un yẹ̀ wò. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí òwú tí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máa ń fì ní igun kan. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún hun, igun òsì ni. Fún ọmọ mi, igun ọ̀tún ni, bẹ́ẹ̀ ló sì ti rí láti kékeré.

Òwú náà ń fì ní igun òsì.

Mo yí aṣọ náà padà, bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò. Iwájú ni mo ti ń wò tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọmọ mi kọ́ ló hun ún. Mo ti fi ọ̀sán kan gbáko ṣírò súwẹ́tà fún ọwọ́ àjèjì.

Mo gbé fóònù.

"Ẹ káàsán, Mà. Ó wà ní—"

"Ta ló hun ún?"

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ kan ń kùn lẹ́yìn rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo gbọ́ tí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn irin.

"Màmá," ó ní, "ẹ máa bọ̀."

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni mo wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nínú àpò mi ni téèpù wà, àti rúlà, àti òwú pupa pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, àti ojú ewé mẹ́ta tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Yàrá méjì ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ni wọ́n ń gbé. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé lókè wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bó ṣe rí mi, ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Èmi ni mo hun ún. Ó bẹ̀ mí ni. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Iṣẹ́ yín mọ́," ni mo sọ fún un.

"Kí wá ló fi hàn yín?"

"Ó mọ́ jù."

Ọkọ ọmọ mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí àpòòwé mi dé gan-an ni ó ṣẹlẹ̀. Ó yára fi kún un pé, "Kì í ṣe torí rẹ̀ o, Mà." Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà tí òun gbójú sókè ni òun rí i pé ẹ̀gbẹ́ ojú kan kò bá èkejì rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sán, apá òsì ti rọ.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

"Ó ní òun á sọ fún yín tí ọwọ́ náà bá padà. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹ rí iṣẹ́ burúkú." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Dókítà ti sọ fún mi pé kò ní padà, Mà. Mi ò tíì lè sọ fún un. Ojoojúmọ́ ló ń gbìyànjú. Mo ní kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún hun, ó ní ẹ ti gbìyànjú ìyẹn wò rí."

Mo ṣèlérí fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ti ẹnu mi jáde.

Nígbà tí mo wọlé, ọmọ mi jókòó lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé ìrọ̀rí, bí ohun tí àlejò gbàgbé síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà, ṣùgbọ́n ó yé mi.

"Màmá. Ẹ ti mọ̀."

"Igun òsì."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún aránṣọ. Wọ́n ní ta ló máa wo igun."

"Èmi."

"Ẹ̀yin náà ni mo dárúkọ fún wọn."

N kò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo tún ìrọ̀rí náà tò. Mo ká aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìn àga. Ó jẹ́ kí n ṣe é tán, ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bá mi mú un wá." Ọkọ kò kọ́kọ́ mira. Nígbà tó yá, ó fa dúróà, ó mú aṣọ kékeré kan jáde.

"Fúnra mi ni mo hun èyí," ni ó wí. "Mo ní ẹ ò ní rí i. Ẹ sì ti dé."

Ìlà mẹ́jọ ni. Ó ní abíyá ni òun há abẹ́rẹ́ kan sí, òun sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ìka òsì síbi tó yẹ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé rúlà lé e. Ojú mọ́kànlá wà nínú ìlà àkọ́kọ́. Ìlà kejì, mẹ́sàn-án. Ìlà kẹta, mẹ́rìnlá. Ní ìlà karùn-ún, ojú mẹ́ta ti já bọ́, ihò sì gba ibẹ̀ lọ sókè. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí iye kan tí mo lè kọ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó tọ́ lára rẹ̀ ni ìdí òwú tó ń fì ní igun ọ̀tún.

"Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àbí? Ẹ wò ó, ìlà ìkẹyìn dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Kò dáa jù ú lọ.

"Ẹ so òwú pupa mọ́ ọn, Màmá. Ẹ má ṣàánú mi."

Mo mú òwú pupa jáde. Bí mo bá ṣe é bó ti yẹ, ibi tí mo máa so yóò ju ogójì lọ. Aṣọ náà yóò pupa kanlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi hun ìlà mẹ́jọ. Mo so ẹyọ kan, ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí eku máa ń jẹ. Mo gé e. Mo gbé aṣọ náà lé itan rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ́ ẹ. Ó fi ìka wá a kiri. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó wá a níbẹ̀ náà.

"Ibì kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀gbẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò."

"Màmá, ihò rèé. Ìka mi wọ inú rẹ̀."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i, ẹ ò sì so nǹkan kan mọ́ ọn." Ó tún fi ìka kan ihò náà. "Méje lẹ so mọ́ èyí tó dáa."

Ó wo ojú mi. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti kọjú sí ògiri. Ó tún wo òwú pupa ẹyọ kan náà, ó wò ó pẹ́.

"Kò ní padà," ni ó wí. Kì í ṣe pé ó ń bi mí.

Mo gba aṣọ náà lórí itan rẹ̀. Mo so èkejì mọ́ ihò náà. Mo so ẹ̀kẹta, mo so ẹ̀kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ojú kọ̀ọ̀kan tó ṣìnà, bí olùkọ́ mi ì bá ti ṣe é. Òwú náà kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, mo sì tún ń kì í bọ̀ ọ́.

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bo ọwọ́ mi mọ́lẹ̀.

"Ó ti tó, Màmá," ni ó wí. "Ẹ má fi òwú ṣòfò."