Àtẹ̀gùn Méjì Tí Kò Mọ Ìsàlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Alhaji Sùnmọ́nù jẹ́, kó wo ibùdókọ̀ tí ó kọ́ sẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ ní Àgbádárìgì. Níbòmíràn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ti Alhaji kọ́. Ní Gòkèlọ, orúkọ tí ó sọ ibẹ̀ nìyẹn, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń tà á, bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ lè fò. Èrò á gòkè lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì, á tún sọ̀ kalẹ̀ wá wọ ọkọ̀ Máìlì Tù tàbí ti Ṣẹ̀mẹ̀. Ìdí rẹ̀? Àtẹ̀gùn oníná ni, èyí tó ń fúnra rẹ̀ gbé ènìyàn. Alhaji ti rí i ní Dùbáì, ó ra méjì, ó sì dá a lójú pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá ní Àgbádárìgì láìgùn ún.

Òkè yìí náà ni Àmínátù ní ṣọ́ọ̀bù gíláàsì ojú sí. Ọmọ oníṣòwò ọjà Agbalata ni, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ojú wò, ó gbàwé ẹ̀rí. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n kò bá ẹni tó bá pè é ní dókítà jà rí. Iwájú pátápátá ni ó gba ṣọ́ọ̀bù sí, níbi tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó ń kọjá ti lè ka orúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ni oníbàárà rẹ̀. Àgbà tí ojú rẹ̀ bá sì ti ń ṣú, orúnkún rẹ̀ náà kì í sábà ní àlàáfíà. Àtẹ̀gùn oníná ni ó ń gbé wọn wá bá a, òun náà ni ó ń gbé wọn padà sílẹ̀. Àtẹ̀gùn wá darúgbó. Ó ń han bí ẹni tí inú ń run, ó ń dá dúró lójijì, títí ó fi gé etí ìró obìnrin kan jẹ tí wọ́n sì pa méjèèjì tì. Bí àwọn àgbà ṣe dẹ́kun wíwá nìyẹn. Eruku bo gíláàsì. Àmínátù pinnu pé bí wọ́n bá pààrọ̀ àtẹ̀gùn tí àwọn oníbàárà kò sì padà kí ọdún Iléyá tó dé, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù, òun yóò padà sídìí ọjà ìyá òun. Ìrẹsì ni ìyá rẹ̀ ń tà, kò sì fẹ́ tún jókòó láàárín àpò rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àtẹ̀gùn tuntun dé, Alhaji pe gbogbo oníṣọ́ọ̀bù jọ. Ẹnjiníà Olúwaṣèyí, ọmọ Èkìtì kan tí ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ń ṣàlàyé pé ọ̀kan yóò máa gbé èrò gòkè, èkejì yóò máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Alhaji nawọ́ sókè.

"Dúró ná. Kí lo ní èkejì yóò máa ṣe?"

"Yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ni, sà."

"Nínú ilé ta?"

Alhaji yíjú sí àwọn oníṣọ́ọ̀bù.

"Kí n náwó, kí n nára, kí n wá máa fi ẹ̀rọ sọ ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀? Ó tì o. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú ọgbà yìí, ẹ kò ní sọ̀ kalẹ̀!"

"Àmín!"

"Òkè, òkè ni ẹ ó máa lọ!"

"Àmín, Alhaji!"

Ta ni yóò panu mọ́ nídìí irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Ohùn Àmínátù ni ó tilẹ̀ ròkè jù. Ó délé kó tó yé e pé àdúrà kọ́ ni wọ́n ṣe, ìpinnu ni. Alhaji ti fi àdúrà dìbò, gbogbo wọn sì ti fi àmín tẹ̀ka.

Báyìí ni àwọn àtẹ̀gùn tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn méjèèjì ń lọ sókè. Láti sọ̀ kalẹ̀, àfi kí ènìyàn gba àtẹ̀gùn oníkọnkéré ẹ̀yìnkùlé, tóóró bí ọ̀fun ìgò, tí ẹni tó gbé àpò àgbọn ń forí gbárí pẹ̀lú ẹni tó pọnmọ. Èrò ń gòkè bí ọba, wọ́n ń sọ̀ bí olè.

Àmínátù lọ bá Olúwaṣèyí. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ṣe é yí ni?"

"Ó ṣe é yí, àǹtí mi. Kọ́kọ́rọ́ kan báyìí ni. Ẹ tì í bọ ihò, ẹ yí i, ó ti ń sọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àpò Alhaji ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé."

Ó lọ bá Alhaji. "Ẹ̀yin bàbá wa, àwọn àgbà ń gòkè wá, wọn kò rí ọ̀nà sọ̀."

"Kí wọ́n dúró lókè. Òkè ò dáa ni?" Alhaji wò ó bí ẹni tó já a kulẹ̀. "Àní ìwọ, Àmínátù! Ìwọ tí àmín rẹ fẹ́ẹ̀ wó páànù."

Ìròyìn tàn káàkiri títí dé Kankon pé ẹni tó bá lọ yẹ ojú wò lọ́dọ̀ Àmínátù, kó gbé aṣọ ìbora dání. Dàágbó Hunsu nìkan ni kò gbọ́. Bàbá apẹja yìí wọ ọkọ̀ ojú omi láti Gberefu wá gba gíláàsì rẹ̀, ó sì ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ tí Alhaji ń ṣí àtẹ̀gùn náà ní gbangba. Ó gba gíláàsì tán, ó lọ yọjú wo àtẹ̀gùn oníkọnkéré, ó padà wá jókòó.

"Kí èrò dínkù ná," ni ó wí.

Èrò kò dínkù. Dípò bẹ́ẹ̀, ariwo ayọ̀ sọ: Alhaji ti gé rìbọ́ọ̀nù, ó ń gòkè bọ̀ nínú agbádá funfun, ó ń juwọ́. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn Àmínátù ṣí, Alhaji wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ lẹ́yìn.

"Àmínátù, tètè wá wo ojú mi."

"Kí ló ṣe ojú yín, sà?"

"Orúnkún ni," Alhaji sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn onífọ́tò ń dúró dè mí lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Ṣé kí wọ́n wá yà mí níbi tí mo ti ń fọwọ́ tẹ ògiri ni?"

Dàágbó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ káàbọ̀ o, Alhaji. Ohun tó mú èmi náà mọ́lẹ̀ síbí nìyẹn. Ẹ jókòó, ká jọ máa jayé òkè."

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Àmínátù sún mọ́ ọn. "Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ náà, sà," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ìṣẹ́jú kan péré."

Alhaji mí kanlẹ̀. Ó pe Olúwaṣèyí lórí fóònù, nígbà tí ìyẹn dé, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn kan dúró, ó mí tìtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀. Alhaji ká agbádá lé èjìká, ó bọ́ sórí rẹ̀, ó ń sọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ sọ gèè.

"Ẹ wo bàbá! Ẹ wo bí wọ́n ṣe rẹ ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀ wá bá àwa mẹ̀kúnnù!"

"Dàágbó, ẹ dìde! Ẹ dìde kíá!" Àmínátù ti gbá bàbá lọ́wọ́ mú. Bàbá ń wá bàtà. Wọ́n jáde, wọ́n dé ẹnu àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn ń bọ̀ wá sókè, ó ń pàdé wọn.

Olúwaṣèyí dúró níbẹ̀, kò lè wo ojú rẹ̀. "Alhaji ní bí àwọn bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni kí n yí i padà. Wọ́n ní kí àdúrà má bàa bàjẹ́."

"Àdúrà ta?"

"Ṣé kì í ṣe ti gbogbo wa ni, àǹtí mi?"

Àmínátù padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó já páálí lẹ́tà tó fi ń yẹ ojú wò kúrò lára ògiri, ó há a sí abíyá, ó kó férémù gíláàsì sínú àpò. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi èjìká rẹ̀ ti Dàágbó lẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ àtẹ̀gùn oníkọnkéré lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbọn ń gbá wọn níhà, àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé, "Ẹ yára, jàre! Ọkọ̀ ń lọ!"

Ìsàlẹ̀ tí wọ́n dé sí, ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Waliyat tó ń tọ́jú ibẹ̀ fọwọ́ lé ìbàdí.

"Dókítà òkè! Ṣé ẹ̀yin náà ti wálẹ̀?"

"Waliyat, fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bùn mí ní àga kan."

"Ibí ń rùn o."

"Mo ní imú."

"Tèmi ti kú lẹ́nu ẹja," Dàágbó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí búlọ́ọ̀kù. "Àga méjì, ọmọ mi."

Àmínátù rí ìṣó kan lára ògiri, ó fi páálí lẹ́tà kọ́ ọ. Inú ń bí i débi pé páálí wọ́, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó kan jáde láti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó ń nu ọwọ́ sí ìró, ó dúró, ó ṣẹ́jú sí lẹ́tà náà.

"Ọmọ mi, ṣé ibí ni wọ́n ti ń yẹ ojú wò? Wọ́n ní òkè ni, mo ní n kò lè lọ kú sókè."

Àmínátù wo òkè lẹ́ẹ̀kan, níbi tí àtẹ̀gùn méjèèjì ti ń gbé èrò lọ láìdákẹ́. Ó pòṣé gígùn, ó fa àga súnmọ́ ìyá.

"Ẹ jókòó, màámi. Ẹ fọwọ́ bo ojú ọ̀tún."